Èmi Ni Mo Máa Ń Kọ́kọ́ Tọ́ Ọ Wò

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ jókòó síwájú ilé mi lánàá, tí ẹ ń jiyàn iṣẹ́ tó ń mówó wọlé jù, mo gbọ́ gbogbo yín. Etí mi kò tíì di. Ọ̀kan ní kọ̀ǹpútà lòun máa kọ́, ọ̀kan ní òun máa sá lọ sókè òkun, èyí tó kéré jù nínú yín ní òun á máa ṣe fídíò sórí fóònù. Nígbà tó sú mi, mo ní kí ẹ bi èmi náà léèrè ohun tí mo fi ayé mi ṣe. Ẹ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ ní, "Màmá, ṣebí bisikíìtì lẹ ń dì?"

Bẹ́ẹ̀ ni, bisikíìtì ni mo dì. Mo dì í ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge títí orí mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í hu ewú. Wọ́n gbà mí síṣẹ́, wọ́n sanwó fún mi, owó náà tó jẹun nígbà kan, nígbà tó yá kò tó jẹun mọ́. Ó parí. Kò sí ìtàn níbẹ̀. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ fún yín ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò san kọ́bọ̀ fún mi lórí rẹ̀, tí mo sì fi gbogbo Sátidé mi ṣe títí eékún mi fi ní ó tó gẹ́ẹ́.

Iṣẹ́ náà kò ní orúkọ tó dùn lẹ́nu. Tí tọkọtaya bá túká, tí ọ̀rọ̀ wọn dé kóòtù, adájọ́ lè ní kí ọmọ máa gbé lọ́dọ̀ ọ̀kan, kí èkejì máa wá rí i, ṣùgbọ́n kí àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tí á máa ṣọ́ wọn. Nígbà mìíràn ó jẹ́ nítorí ìjà, nígbà mìíràn wọ́n ń bẹ̀rù pé ẹnì kan lè gbé ọmọ sá lọ. Èmi ni àgbàlagbà yẹn. Yàrá kan wà ní ọ́fíìsì wẹ́fíà ní Agége, ibẹ̀ ni bàbá tàbí ìyá á ti wá bá ọmọ, èmi á jókòó, màá máa wò wọ́n. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹni tí kò bá ṣe é rí ló máa rò pé ìjókòó lásán ni.

Sáàpù ló gbé mi débẹ̀. Ẹ ò lè mọ Sáàpù, wọn ò tíì bí yín. Ètò ọrọ̀ ajé ìjọba sójà ni, wọ́n ní kí gbogbo wa fún ìgbànú mọ́ra, a fún un títí kò fi sí ihò mọ́ lára ìgbànú. Nílé iṣẹ́ wa, ìyẹ̀fun kò wọlé bíi tàtẹ̀yìnwá, ẹ̀rọ ń dúró, wọ́n ní kí a má wá ní Sátidé mọ́. Ní gbogbo ọ̀nà Ìkẹjà sí Ọ̀gbà, àwọn ilé iṣẹ́ tó máa ń fọn fèrè láàárọ̀ dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọkùnrin tó ń wọ aṣọ iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ wá ń jókòó sílé lọ́sàn-án gangan. Ẹ sì mọ̀ pé tí ọkùnrin bá ń jókòó sílé lọ́sàn-án, tí ìkòkò ò sì gorí iná, ìjà kò ní jìnnà. Kóòtù ìbílẹ̀ kún fọ́fọ́.

Màdáàmù Ṣówándé ló fà mí wọ iṣẹ́ náà. Agbẹ̀bí ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, àdúgbò kan náà la jọ ń gbé ní Ọ̀gbà. Àwọn ló gbẹ̀bí Délé ọmọ mi. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹ̀yìn wọn tọ́ gbọnrangandan, wọn kì í sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Sátidé kan ni wọ́n ń kọjá lọ tí wọ́n rí mi níbi tí mo ti so ìró mọ́dìí tí mò ń bá aládùúgbò mi jà nítorí omi ẹ̀rọ.

Wọ́n ní, "Ìyá Délé, ọjọ́ rẹ ń ṣòfò. Wá bá mi ní wẹ́fíà."

Mo ní, "Ṣé wọ́n á sanwó ni, Màdáàmù?"

Wọ́n wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. "Ìjà omi tí ò ń jà yìí, ta ló ń sanwó ẹ̀ fún ẹ?"

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo ti wà ní Agége.

Ẹ gbọ́, mo ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá òyìnbó, mo ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá ará Íńdíà, kò sí èyí tó le tó obìnrin yẹn. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n kọ́kọ́ fi mí sí, wọ́n ní kí n kàn máa wò. Mo wò títí ojú fi ń ro mí. Òfin wọn pọ̀: kí n dé kí ẹnikẹ́ni tó dé. Kí n má wọ wúrà, kí ìyá tí owó ò sí lọ́wọ́ rẹ̀ má baà rò pé mo wá ṣe fáàrí. Kí n má bá bàbá ṣọ̀rẹ́, kí n má bá ìyá ṣọ̀rẹ́. Kí n jókòó síbi tí mo ti lè rí ọwọ́ gbogbo wọn. Tí ẹkún bá ń gbọ̀n mí, kí n gbé e mì. Wọ́n ní, "Ojú àti etí ni wọ́n pè wá wá lò. Ẹnu wa kò sí nínú ìwé tí adájọ́ kọ."

Ọjọ́ kan, ọmọdékùnrin kan tí bàbá rẹ̀ wá rí i ré bọ́ lórí àga, gbàà! Mo fò dìde, mo ti na ọwọ́.

"Jókòó!"

Ohùn Màdáàmù nìyẹn. Ìdí mi kan àga kí n tó mọ̀. Ọmọ ń ké, bàbá rẹ̀ dúró gbagidi, kò mọ̀ bóyá wọ́n fún òun láyè. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ọmọ náà. Kò tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e mọ́, bí ẹni gbé àpò sìmẹ́ǹtì ló gbé e. Ọmọ náà ké síi díẹ̀, ó wá fi orí lé èjìká rẹ̀, ó dákẹ́.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo ní, "Màdáàmù, ṣebí wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́?"

Wọ́n ní, "Tí ẹni tó bí ọmọ bá wà lọ́jà yẹn ńkọ́? Ká ní ìwọ lo gbé e, ta ni ọmọ yẹn máa rántí tó bá délé? Ìwọ. Ṣé ìwọ ni kóòtù ní kó wá rí?"

Mo rò ó délé. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ọwọ́ ara mi ni mo máa kọ́kọ́ kọ́ bí mo ṣe máa so.

Ìdí oúnjẹ ni ọgbọ́n wọn wá pọ̀ sí jù. Ẹ mọ àwa Yorùbá. Ọmọ tó bá ń lọ síbi tí ìyá rẹ̀ ò fọkàn tán, ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ ni pé, "Má jẹ nǹkankan lọ́wọ́ wọn o." Nínú ilé tó ti túká, ìkìlọ̀ yìí ti ba nǹkan jẹ́ ju ìjà fúnra rẹ̀ lọ. Bàbá á ra búrẹ́dì tó ṣì gbóná, ọmọ á kó ọwọ́ sẹ́yìn. Mo rí géńdé ọkùnrin tó sunkún nítorí pé ọmọ rẹ̀ kọ gúgúrú. Màdáàmù wá mú àṣà ilé wa jáde: ẹni tó bá gbé omi fún àlejò á kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú àlejò, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di òfin yàrá wa. Ohunkóhun tí òbí bá gbé wá, èmi ni màá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, lójú ọmọ, nínú abọ́ kan náà.

Ha, ikùn mi rí nǹkan! Mo tọ́ mọ́ínmọ́ín tí òkúta wà nínú rẹ̀ wò. Mo tọ́ ìrẹsì tó ti jóná wò, tí bàbá tó sè é ń wò mí lójú bíi pé mo fẹ́ fún un ní máàkì. Ọjọ́ kan mo tọ́ ọbẹ̀ kan wò, ata rẹ̀ gbé omi jáde lójú mi, ọmọ sì la ẹnu sílẹ̀ ó ń wò bóyá mò ń kú lọ. Mo pariwo, "Ata ni o! Ata lásán ni, ẹ̀yin èèyàn!" Délé ọmọ mi máa ń sọ pé nínú gbogbo Agége, èmi nìkan ni mò ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí mo tún ń sanra.

Àwọn nǹkan iṣẹ́ wa yí padà lójú mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, àga onígi àti ẹní kan la ní, àti bọ́ọ̀lù tí Màdáàmù fi àkísà rán. Nígbà tó yá, ìjọ kan fún wa ní ọmọláńgidi kan tí apá rẹ̀ kan ti yọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹnì kan gbé tẹlifíṣọ̀n wá, Màdáàmù sì kórìíra rẹ̀ bí ẹní kórìíra olè. Wọ́n ní bàbá àti ọmọ á kọjú sí i, wọn ò ní kọjú síra wọn, ọjọ́ tí iná bá wá lọ, wọn á rí i pé àwọn ò ní ọ̀rọ̀ kankan láti bá ara wọn sọ. Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù, ètò ìmọ́tótó àyíká kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rìn láàárọ̀, sójà wà ní títì, àwọn òbí á wá sáré dé lọ́sàn-án tí òógùn á ti bo wọ́n. Ìgbà tí epo wọ́n, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn láti Ọ̀gbà dé Agége. Nígbà tí fóònù alágbèéká sì dé níkẹyìn, tí ìyá tó wà níta á máa pe ọmọ tó wà nínú ilé pé "ṣé kò sí nǹkan?", mo gbé agbọ̀n sẹ́nu ọ̀nà, mo ní kí kálukú ju tiẹ̀ síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Mùfú ló wà lọ́kàn mi jù, òun ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa.

Mùfútáù lorúkọ rẹ̀. Ó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkẹjà, ọwọ́ rẹ̀ mọ ẹ̀rọ. Sáàpù dé, wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà, Mùfú di ẹni tó ń gé ẹran ní Oko Ọba. Fúnmi ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú, ń ṣiṣẹ́ ní báńkì kan ní Allen. Ẹ fojú inú wò ó: ìyàwó ń wọ bàtà gogoro jáde láàárọ̀, ọkọ ń wọ bàtà rọ́bà tí ẹ̀jẹ̀ màlúù wà lára rẹ̀ wọlé. Ìfẹ́ wà, ṣùgbọ́n ìtìjú ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ohun tó já a gan-an kì í ṣe ìyẹn. Wọ́n ti kọ́kọ́ bí ọmọkùnrin kan. Wọ́n gbé e lọ kí ìyá Mùfú ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ náà jẹun alẹ́, ilẹ̀ ò mọ́ bá a. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó pa á. Ibà lè pa ọmọ kékeré kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣùgbọ́n Fúnmi gbà pé oúnjẹ yẹn ni. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Èmi tí mo bímọ, mi ò lè bá a jiyàn. Nígbà tó bí Bùkọ́lá, tí iṣẹ́ Mùfú sì bọ́, tí ìyá Mùfú ní òun ń bọ̀ wá tọ́jú ọmọ, Fúnmi kó ẹrù rẹ̀ jáde.

Ó wá ń múra àtilọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìgbà yẹn, gbogbo ẹni tó bá ti rí ọ̀nà ló ń sá. Ó fẹ́ kí kóòtù jẹ́ kó mú Bùkọ́lá lọ. Adájọ́ wa, Alhaji àgbàlagbà kan tí kì í kánjú, ní òun á kọ́kọ́ mọ̀ bóyá bàbá àti ọmọ ṣì jẹ́ nǹkan síra wọn. Kí Mùfú máa wá rí ọmọ rẹ̀ ní wẹ́fíà. Tí kóòtù bá padà jókòó lẹ́yìn Iléyá, tí ọmọ ṣì ń kọ bàbá rẹ̀, kó máa bá ìyá rẹ̀ lọ. Mùfú sì mọ̀ pé tí Bùkọ́lá bá fi lè wọ bàálù yẹn, ó dìgbà.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ lèmi náà, onítẹ̀bọmi ni wá nílé wa. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Mùfú la ẹnu, mo gbọ́ ilé lẹ́nu rẹ̀, inú mi dùn, mo ti fẹ́ bi í pé ọmọ agbolé wo ni. Màdáàmù rọra fọwọ́ kàn mí lẹ́yìn. "Ìyá Délé, fi ìlú rẹ sílé." Mo fi í sílé. Ó dùn mí o, ṣùgbọ́n mo fi í sílé.

Gbogbo Sátidé ni Mùfú ń wá. Á ti wẹ̀ kanlẹ̀, á ti fi lọ́fínńdà pa ara, síbẹ̀ lọ́fínńdà àti ẹran màlúù á ṣì máa jà lára rẹ̀. Á gbé ẹran díndín wá nínú abọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń dín in. Màá tọ́ ọ wò. Ó ń dùn, mi ò ní purọ́. Bùkọ́lá á mi orí, á lọ jókòó sí igun pẹ̀lú kúlà oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ dì fún un. Kò ju ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti gbó. Mùfú á jókòó títí àkókò á fi tó, á gbé abọ́ rẹ̀, á lọ.

Ààwẹ̀ Ramadan wá dé. Sátidé kan, Mùfú wọlé, ètè rẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Síbẹ̀ ó gbé ẹran wá. Màdáàmù jókòó létí ilẹ̀kùn, èmi ń bẹ nítòsí tábìlì. Mo mú ẹran kan, mo jẹ ẹ́, mo ní, "Ó dùn o, Bùkọ́lá."

Ọmọ náà wò mí. "Mọ́mì ní ibi tó dáa ni wọ́n máa ń fún yín."

Mo ní, "Ta ló wá mọ ibi tí kò dáa?"

"Dádì ni. Àwọn ló dín in. Kí Dádì jẹ ẹ́."

Orí ọmọ yẹn pé, ó pé ju tèmi lọ! Àmọ́ ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó máa fi ẹnu ara rẹ̀ pe Dádì nínú yàrá náà. Mo rí i bí ojú Mùfú ṣe mọ́lẹ̀.

Ó ní, "Àdùkẹ́ mi, mò ń gbààwẹ̀ ni. Tí oòrùn bá wọ̀..."

"Ẹ jẹ ẹ́ báyìí."

Mùfú wò mí, ó wo Màdáàmù. Kò sí ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́, ẹnu wa kò sí nínú ìwé adájọ́. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Mùsùlùmí mọ̀ pé ẹni tó ń dáná lásìkò ààwẹ̀ lè fi ahọ́n tọ́ ọbẹ̀ wò, kó sì tu ú dànù, ààwẹ̀ rẹ̀ ṣì wà. Mùfú rò pé òun ti rí ọ̀nà tí òun máa fi tẹ́ Ọlọ́run lọ́rùn, tí òun á sì tẹ́ ọmọ òun lọ́rùn. Ó mú ẹran, ó fi sẹ́nu, ó rún un, ó rẹ́rìn-ín sí Bùkọ́lá. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí fèrèsé, ó tu ú síta.

Yéè! Ẹ ò gbọ́ igbe. "Ó tu ú dànù! Mọ́mì! Dádì tu ú dànù!"

Fúnmi máa ń dúró lábẹ́ igi níta. Bàtà rẹ̀ kan ṣoṣo ló bá a wọlé. Ó gbá ọmọ mọ́ra, ó ń fi ìka nu inú ẹnu ọmọ tí kò jẹ nǹkankan. Mùfú gbé abọ́ dání, ó ń sọ pé, "Ààwẹ̀ ni. Fúnmi, ààwẹ̀ ni, wallahi."

Fúnmi ní, "Ààwẹ̀ wo? Ọ̀kan ti lọ, Mùfú. Ọ̀kan ti lọ! Ṣé o fẹ́ gba èyí náà ni?"

Mo gbé ẹkún mì lọ́jọ́ náà.

Kóòtù pè wá. Fúnmi sọ tirẹ̀ tomijétomijé, ó ní kí wọ́n fòpin sí i lójú ẹsẹ̀. Wọ́n pe èmi náà, mo ní mo jẹ nínú ẹran náà, mi ò kú, èmi rèé. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, adájọ́ ò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí Mùfú.

"Mùfútáù, ìwọ mọ̀, èmi náà mọ̀, ààwẹ̀ ọjọ́ kan ṣeé san padà. Ọmọ rẹ ní kí o jẹun. Kí ló dé tí o ò gbé e mì?"

Mùfú ní, "Bàbá, iṣẹ́ ti kọ̀ mí. Ìyàwó ti kọ̀ mí. Ọmọ mi ń kọ̀ mí lọ. Mo rò ó pé Ọlọ́run nìkan ló kù tí kò tíì kọ̀ mí, mi ò fẹ́ kí èmi àti Òun tún dìjà."

Mo wo Fúnmi, ó ti sorí kọ́. Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. Ó ní ohun tí òun sọ kò yí padà: kí wọ́n máa rí ara wọn títí di ẹ̀yìn Iléyá, ibi tí ọmọ bá dúró sí nígbà náà ni òun máa fi dájọ́.

Níta, Mùfú wá bá wa. "Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́. Kí ni kí n gbé wá tí kò ní bà á lẹ́rù?"

Mo ti mọ èsì. Màdáàmù kì í gba òbí nímọ̀ràn láé. Wọ́n tún gèlè wọn ṣe, wọ́n ti ń lọ. Wọ́n wá dúró.

Wọ́n ní, "Má gbé nǹkankan wá. Wá pẹ̀lú ebi."

Mùfú bẹ̀rẹ̀ sí í wá lọ́wọ́ òfo. Ààwẹ̀ tán, kò gbé nǹkan wá. Ọwọ́ tó sófo kò mọ ohun tó máa ṣe, ló bá gbé ọmọláńgidi wa tí kò lápá, ó wá wáyà, ó fi ṣe apá fún un. Apá náà ń ká, ó ń nà. Bùkọ́lá ń wò ó láti igun. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ti kúrò ní igun náà díẹ̀. Iléyá ń sún mọ́lé, ọwọ́ mi sì ń yún mí kí n ti ọmọ yẹn síwájú. Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì sábẹ́ itan.

Sátidé tó ṣáájú Iléyá, Bùkọ́lá ṣí kúlà rẹ̀. Ìrẹsì àti dòdò. Yàrá náà dákẹ́, inú Mùfú bá kùn: gùrùrù! Ọmọ náà gbójú sókè, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Inú yín ń pariwo!"

"Ebi ló ń pa mí."

"Ẹ ò tíì jẹun?"

"Mi ò tíì jẹ."

Ó rò ó. Ó wo dòdò rẹ̀, ó wo bàbá rẹ̀. Ló bá ti kúlà náà sún mọ́ ọn lórí tábìlì. Òfin ni òfin, mo na ọwọ́ kí n tọ́ ọ wò. Mùfú rọra gbé ọwọ́ mi kúrò. "Ẹ fi sílẹ̀, Màmá." Ó bu dòdò, ó jẹ ẹ́, ó tún bù ú.

Bùkọ́lá la ojú. "Ẹ̀rù ò bà yín?"

"Ẹ̀rù kí ni? Ṣebí ìwọ lo fún mi."

"Mọ́mì ló dín in."

"Mo mọ̀. Mo mọ ọwọ́ ìyá ẹ. Kò sẹ́ni tó ń dín dòdò bíi tiẹ̀."

Fúnmi wà lójú fèrèsé. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó yí padà, ó lọ jókòó sábẹ́ igi rẹ̀, ó fi ọwọ́ bojú, mo sì rí i tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Àánú rẹ̀ ṣe mí ju ti Mùfú lọ lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ti kú ló ti ń dá ṣọ́ èkejì, kò sí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kó lè sinmi.

Màdáàmù ti lọ sọ́run báyìí. Èmi ni mo jókòó sórí àga wọn lẹ́yìn wọn, mo sì le mọ́ àwọn tí mo kọ́, ẹ bi wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, mi ò ní kí ẹ má wá owó, ebi kì í gbọ́ wàásù. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà tó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọn ò bá nílò rẹ mọ́ lo máa mọ̀ pé o ṣe é dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n fi ọjọ́ kan hàn yín.

Sátidé tó tẹ̀ lé Iléyá ni. Kóòtù máa jókòó lọ́sẹ̀ náà. Fúnmi mú ọmọ dé ẹnu ọ̀nà, mo sì tẹ́tí sílẹ̀ fún ìkìlọ̀ tó máa ń ṣe fún un. Ohun tó sọ ni pé, "Kúnlẹ̀ kí dádì ẹ dáadáa." Ó lọ sójú fèrèsé, ó dúró. Mùfú ti wà nílẹ̀ pẹ̀lú abọ́ ẹran iléyá, ó gbé e ka orí itan bíi pé ó fẹ́ gbé e pamọ́. Bùkọ́lá kúnlẹ̀, ó dìde, ó ní, "Kí ló wà nínú ẹ̀?"

Mùfú gbé e sórí tábìlì, ó ṣí i. Mo ṣe bí mo ṣe máa ń ṣe, mo na ọwọ́ kí n mú ọ̀kan. Ìka mi ò tíì kan abọ́ tí ẹran fi ti wà lẹ́nu ọmọ náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ó ń jẹ ẹ́ kíkankíkan, ó tún ń wá òmíràn.

Mùfú bojú wolẹ̀, omi ojú rẹ̀ ń kán sórí tábìlì. Láti ojú fèrèsé, ohùn Fúnmi wọlé: "Bùkọ́lá, ó tó o! Má jẹ ẹ́ tán, ṣẹ́ díẹ̀ kù fún dádì ẹ."

Ọmọ náà rí ọwọ́ mi tó ṣì nà lórí tábìlì. Ó mú ẹran kan, ó fi sínú rẹ̀.

"Ẹ gbà, Màmá. Ó dùn. Mo ti tọ́ ọ wò."